Ta Ló Ni Agbára Àwọn Ọmọ Yìí?

Àtìní, 6 oṣù kìíní

Ọyẹ́ mú gan-an. Ètè gbogbo wọn ti ya, ẹsẹ̀ wọn funfun bí ẹni tó gba inú èlùbọ́ kọjá. Mo ní kí kíláàsì tó ń múra ìdánwò BEPC sáré yí pápá ká, kí n lè mọ ibi tí ìsinmi bá wọn dé. Wọn ò tíì yí i ká lẹ́ẹ̀mejì tí ọ̀pọ̀ fi di ìhà mú. Ìdánwò eré ìdárayá ń bọ̀ lóṣù karùn-ún. Àwọn ọmọ tó ń ru igi ìdáná láti kékeré ni, síbẹ̀ wọn ò mọ bí èèyàn ṣe ń gbé nǹkan nílẹ̀ láì pa ẹ̀yìn ara rẹ̀ lára.

Mo lọ bá dírẹ́tọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, Mùsíọ̀ Philippe, pé mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ gbígbé ẹrù kún un, kí iṣan wọn lè le.

"Pẹ̀lú irinṣẹ́ wo, Madame Sẹ̀ríyà?"

Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Àlàmísì, 9 oṣù kìíní

Bàbá Àdúrà, ọkọ mi, fún mi ní sìmẹ́ńtì tó ti ń dì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí oníbàárà kankan ò ní rà mọ́. Mo rọ ọ́ sínú àwọn garawa ọ̀dà tó ti ṣófo, mo fi ọ̀pá oparun há a láàárín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ó ní tíṣà lòun fẹ́, òun ò mọ ìgbà tó di bíríkìlà.

Àtàlátà, 14 oṣù kìíní

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pá lásán ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lóṣòó, gbé àyà síwájú, jẹ́ kí ẹ̀yìn tọ́, kí itan gbé e.

Ògúnrẹ̀mí ò fẹ́ ọ̀pá lásán. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ti ga ju dírẹ́tọ̀ lọ, ọmọ kan ṣoṣo tí opó kan tó ń ta iṣu sísun létí títì ní Glei bí. "Madame, ẹ jẹ́ n gbé èyí tó wúwo." Mo ní egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà, ẹrù ò ní sá lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára garawa náà.

Bùsáyọ̀ ló yà mí lẹ́nu. Ọmọ Bàbá Fádáhùnsí ni, àgbẹ̀ tí ilé wọn wà lẹ́yìn àwọn igi kajú, ní òdìkejì pápá wa. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣàlàyé fún un. Ó lóṣòó, ó dìde, bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni.

Àtàlátà, 21 oṣù kìíní

Ìyá kan wá láti abúlé. Ó ní àwọn gbọ́ pé mò ń fi ẹrù ba ilé ọmọ àwọn ọmọbìnrin jẹ́. Mo bi í pé, "Màmá, omi tí wọ́n ń rù láti odò ńkọ́, ta ló ń gbé e rù wọ́n?" Ó wò mí títí. Ó ní, "Èmi náà ni." Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó fa òkúta kan, ó jókòó wo ẹ̀kọ́ náà títí ó fi parí.

Àtàlátà, 28 oṣù kìíní

Iná igbó níbi gbogbo. Èéfín bo òkè Atakpamé débi pé mo tan iná alùpùpù mi láàárọ̀.

Ara àwọn ọmọ ti ń yí padà. Àwọn tí kò lè fi apá ti ara wọn sókè kúrò nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní ti ń ṣe é báyìí, wọ́n sì ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó máa ṣáájú. Mo ń rí i ní èjìká wọn, ní bí wọ́n ṣe ń rìn wọ kíláàsì. Inú mi dùn.

Ọkùnrin kan tó dé fìlà dúdú dúró lábẹ́ igi dóńgóyárò ní gbogbo àsìkò ẹ̀kọ́ náà, ó ka ọwọ́ mọ́ àyà. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré funfun kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé bàbá ọmọ kan ni. Nígbà tí mo máa fi lọ kí i, ó ti lọ.

Jímọ̀, 31 oṣù kìíní

Ó padà wá. Laurent lorúkọ rẹ̀, ó ní Lomé lòun ti wá àti pé òun ní iṣẹ́ lórí ilẹ̀ kan ní agbègbè yìí. Ó kó irin gidi wá fún ilé ẹ̀kọ́: ọ̀pá irin gígùn, àwo irin olóríṣiríṣi tí a ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀fẹ́ ni. Dírẹ́tọ̀ fà á ní àga fúnra rẹ̀.

"Madame, iṣẹ́ yín ń hàn," ló wí fún mi. "Ibi tí mo ti ń kọjá lọ ni mo ti rí i."

Ó bọ àwọn ọmọkùnrin lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò wo àwọn ọmọbìnrin rárá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ògúnrẹ̀mí, ó tẹ iṣan apá rẹ̀ wò, ó tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, bí èèyàn ṣe ń tẹ àgbò wò lọ́jà nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀la. Ojú Ògúnrẹ̀mí ń tàn.

Mo ti àwọn àwo tó wúwo jù mọ́ inú yàrá ìkẹ́rù. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ mi.

Àlàrùbá, 5 oṣù kejì

Mo ń sọ̀rọ̀ Laurent nídìí oúnjẹ, Bàbá Àdúrà dá ọwọ́ dúró.

"Onífìlà dúdú? Oníbàárà mi ni. Ó ra wáyà ẹlẹ́gùn-ún, gbogbo èyí tí mo ní. Ó tún ní kí n pe òun bí òmíràn bá dé."

"Kí ló fẹ́ fi dí?"

"Mi ò kì í bi oníbàárà léèrè bẹ́ẹ̀, Ìyá Àdúrà."

Àtìní, 10 oṣù kejì

Àwọn ọmọkùnrin wá sí pápá pẹ̀lú ọwọ́ tó bó. Ògúnrẹ̀mí ò lè di ọ̀pá mú dáadáa. Ó ní iṣẹ́ Sátidé ni. Mùsíọ̀ Laurent kó wọn lọ gbẹ́ ihò òpó, ó fún wọn ní ìrẹsì àti ẹyin tó pọ̀ débi tí wọ́n jẹ ẹ́ kù, ó sì fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní nǹkan mú lọ sílé. "Ó ní òun ò rí irú apá báyìí rí, Madame. Ó bi wá pé ta ló kọ́ wa. A dárúkọ yín."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn wá fún mi. Mi ò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi tutù sí mi lára.

Bùsáyọ̀ dúró lọ́tọ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, mo bi í pé kí ló dé.

"Ilẹ̀ wa ni wọ́n gbẹ́."

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà ní Lomé ló ta ilẹ̀ náà láì bi bàbá rẹ̀. Igi tíìkì ni olówó náà fẹ́ gbìn síbẹ̀. Laurent ló ń bá a ṣe iṣẹ́ kíkó àwọn tó wà lórí ilẹ̀ kúrò. Ẹjọ́ ti wà ní kóòtù, ṣùgbọ́n Laurent ò dúró de kóòtù.

Àtìní, 17 oṣù kejì

Mo lọ kí Bàbá Fádáhùnsí lẹ́yìn iṣẹ́. Ó bu omi fún mi. Ó ń sọ Ifẹ̀, èdè àwọn ará ibí, mò ń sọ Yorùbá, a sì gbọ́ ara wa yé, àfi níbi tí inú bá ń bí i tó ń yára. Ilé amọ̀ àtijọ́ ni, òrùlé páànù, ìtì ọ̀pẹ ńlá kan ló gbé àárín rẹ̀ dúró. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi màrìwò bo ibi kan tí mo yà fún.

Ó mú mi lọ wo oko. Àwọn òpó ti gba àárín ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Àwọn ọmọ tí ẹ̀ ń kọ́ ló gbẹ́ ihò yìí," ó ní. "Mo mọ bàbá ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí mi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀."

Mo fi ọwọ́ ti òpó kan, kò mì.

"Mi ò bínú sí wọn. Agbára tí kò tíì mọ ilé, ẹni tó bá kọ́kọ́ pè é ló máa ń tẹ̀ lé."

Jímọ̀, 21 oṣù kejì

Mo sọ fún dírẹ́tọ̀ pé kí ó dá irin Laurent padà, kí ó sì kìlọ̀ fún un pé kó fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn.

"Madame, Sátidé kì í ṣe ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí ọmọ bá ṣe lọ́jọ́ Sátidé, òun àti ìyá rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ẹ wo òrùlé kíláàsì méjì yẹn. Mùsíọ̀ Laurent ti ṣèlérí páànù fún wa kí òjò tó dé. Ẹ̀yin lẹ mú irú ọlá yìí bá wa. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín tú u ká."

Jímọ̀, 28 oṣù kejì

Àwọn ọmọkùnrin tó ń bá Laurent ṣiṣẹ́ wọ ẹ̀wù dúdú wá, àwọn mọ́kànlá, láì sí àkọlé kankan lára rẹ̀. Mo ní kí wọ́n bọ́ ọ, kí wọ́n wọ aṣọ eré ìdárayá. Wọ́n wo Ògúnrẹ̀mí kí wọ́n tó bọ́ ọ. Òun ni wọ́n wò. Wọn ò wo èmi tí mo pàṣẹ.

Ẹnì kan ti fọ́ àgádágodo yàrá ìkẹ́rù. Kí n tó yíjú, Ògúnrẹ̀mí ti kó àwọn àwo ńlá sí ọ̀pá, ó sì gbé e sókè ré kọjá orí. Òógùn ń bò ó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò fi hàn pé ó wúwo. Ojú rẹ̀ ò fi nǹkan kan hàn rárá. Mo ní kí ó sọ ọ́ kalẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀: ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì bíi ti adìẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú.

"Kí lo gbé mì?"

"Oògùn agbára. Mùsíọ̀ Laurent ní fítámì ni."

Mo pè wọ́n jọ. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá ń lo oògùn yẹn ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan lórí pápá mi mọ́, torí ọkàn lè dúró láìròtẹ́lẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rù máa bà wọ́n. Ògúnrẹ̀mí mú ẹ̀wù dúdú rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó wọ̀ ọ́ padà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Madame." Ó jáde kúrò lórí pápá. Àwọn mẹ́wàá tó kù tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ funfun ń dúró dè wọ́n lójú títì.

Sátidé, 1 oṣù kẹta

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Oòrùn ò ṣàánú ẹnikẹ́ni.

Àlàmísì, 6 oṣù kẹta

Mo yà ní Glei kí n tó lọ sílé, mo bá ìyá Ògúnrẹ̀mí nídìí iná iṣu. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: oògùn, ilẹ̀, wáyà. Ó ń yí iṣu rẹ̀ padà lórí ààrò, kò wojú mi.

"Madame, láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, ọmọ yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé oúnjẹ wọlé fún mi. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di alágbára. Ṣé kó kàn máa wo agbára náà ni?"

Mo ní kó jẹ́ kó parí ìdánwò rẹ̀ ná.

"Ìdánwò," ó wí. Ó bu iṣu kan, ó fẹ́ fún mi kó tó rántí pé mò ń gbààwẹ̀. Ó tọrọ gáfárà. Ó ní kí n kí ọmọ mi.

Àtàlátà, 11 oṣù kẹta

Àká àgbàdo Bàbá Fádáhùnsí jóná. Bùsáyọ̀ wá sí pápá pẹ̀lú eérú lórí. Mo ní kó lọ sinmi, ó ní òun ò fẹ́ jókòó. Ó gbé garawa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ fẹjọ́ sun àwọn jandáámù, ọlọ́pàá ibí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀ ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n ó ní àsìkò iná igbó la wà. Ta la rí tó dáná sun ún? Kò sí.

Inú Bàbá Àdúrà ò dùn nígbà tí mo dé. A ti ṣínu tán kó tó sọ ọ́.

"Ọkùnrin yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù lónìí."

"Láti ra wáyà?"

"Kò ra nǹkan kan. Ó jókòó, ó kí mi dáadáa. Ó bi mí pé ilé ẹ̀kọ́ wo ni Àdúràọlá ń lọ."

Mo gbọ́ bí ọmọ wa ṣe ń ka Kùránì rẹ̀ ní yàrá kejì.

Sátidé, 15 oṣù kẹta

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí.

Àárọ̀ ni Bùsáyọ̀ pè mí. Kò kí mi. "Wọ́n ti dé, Madame. Wọ́n mú okùn wá." Bàbá Àdúrà dúró níwájú alùpùpù mi, ó dì í mú. A wo ara wa. Ó yà fún mi.

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti so okùn mọ́ òpó iwájú ilé náà, àwọn ọmọ mi ẹlẹ́wù dúdú sì tò lẹ́yìn ara wọn, wọ́n di okùn náà mú. Ọkùnrin méjì tí mi ò mọ̀ rí di Bàbá Fádáhùnsí lápá mú. Laurent fara ti ọkọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi kajú, ó ń wo fóònù.

Mo pe orúkọ wọn. Mo ń pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe máa ń pè wọ́n ní kíláàsì. Ẹni àkọ́kọ́ fi okùn sílẹ̀. Ẹnì kejì náà fi sílẹ̀. Laurent gbójú sókè.

"Ẹ fà á," ó ní. Kò pariwo.

Mo pe Ògúnrẹ̀mí, mi ò rí i. Mi ò mọ̀ pé ó ti mú àáké wọ inú ilé láti lọ gé òpó àárín. Àwọn tó di okùn mú mọ̀. Bóyá wọ́n rò pé ó ti jáde. Wọ́n fà á.

Ilé náà ò pariwo. Ó dún sí mi létí bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Eruku bo gbogbo wa. Láàárín eruku yẹn ni igbe ti jáde, kì í ṣe igbe ọkùnrin, igbe ọmọdé ni.

Àwọn ọmọ sá. Mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń ya wọ inú oko kajú, àwọn kan ń bọ́ ẹ̀wù bí wọ́n ṣe ń sá. Ọkùnrin méjì yẹn jọ̀wọ́ bàbá, wọ́n fò sẹ́yìn ọkọ̀. Laurent wo inú eruku náà lẹ́ẹ̀kan. Ó wọlé, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Bàbá Fádáhùnsí ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ògúnrẹ̀mí. Ìtì ọ̀pẹ ti dùbúlẹ̀ lé e ní itan. Bùsáyọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìyá rẹ̀, àti àwọn ọmọbìnrin méjì láti kíláàsì wa tí wọ́n ń pọn omi bọ̀ láti odò. Ìyá Bùsáyọ̀ fẹ́ máa fa ọmọ náà lápá. Mo ní kí ó má fà á. Mo ní kí a gbé igi náà sókè tààrà, kí bàbá fà á jáde nígbà tí ó bá ti kúrò lára rẹ̀.

A lóṣòó. A gbé e. Kò mira.

Bùsáyọ̀ ní, "Ẹ tún ẹsẹ̀ yín ṣe." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n tún un ṣe. A tún gbé e. Mo rí iṣan ọrùn rẹ̀, mo rí eyín rẹ̀. Igi náà dìde, díẹ̀ péré, ó sì tó. Bàbá Fádáhùnsí ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá ọmọ tó wá wó ilé rẹ̀, ó fà á jáde bí ẹni ń fa ọmọ tuntun.

"Mi ìka ẹsẹ̀ rẹ," mo ní. Ó mì í. Mo jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀ níbi tí ìkòkò omi wọn ti fọ́.

A fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta aládùúgbò gbé e lọ sí ọsibítù ní Atakpamé. Mo bu omi mu lọ́nà. Ààwẹ̀ òní ti já, màá san án.

Àtìní, 17 oṣù kẹta

Dírẹ́tọ̀ pè mí kí agogo tó lù. Ó ti sọ fún ínsípẹ́tọ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ pé orí pápá ni Ògúnrẹ̀mí ti ṣeṣe, pé àwo irin ló já lé e lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń fi ara rẹ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé.

"Ẹ gbọ́ mi, Madame. Bó bá jẹ́ orí pápá ni, jàǹbá ni. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ìbáwí kan ránṣẹ́ sí yín, wọ́n á ní kí ẹ má kọ́ wọn ní ẹrù gbígbé mọ́, ó parí. Bó bá jẹ́ ibi tí ẹ̀ ń sọ yẹn ni, ọ̀daràn ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Àwọn ọmọ yín. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lọ ṣẹ̀wọ̀n?"

Mo ní ẹni tó ní kí wọ́n fa okùn ni mo fẹ́ kó lọ ṣẹ̀wọ̀n.

Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Ó ní iṣẹ́ mi kò fi bẹ́ẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, òun ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa rán mi létí.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí àwọn ọmọ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Àtàlátà, 18 oṣù kẹta

Egungun itan ló dá. Á jinná, ṣùgbọ́n á pẹ́.

Laurent ni mo bá lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ń bó ọsàn fún un. Ó dìde kí mi.

"Ẹ wo bí irin ṣe fọ́ ẹsẹ̀ ọmọ, Madame. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká máa ṣọ́ra."

Ìyá Ògúnrẹ̀mí wolẹ̀. "Mùsíọ̀ ló ń sanwó ìtọ́jú," ó wí, bí ẹni pé èmi ni mo béèrè. Ọmọ náà kọ ojú sí ògiri.

Mo ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ Ògúnrẹ̀mí, mo ní kó mi ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mì í. Mo ní, "Ó dára." Mo bò ó padà, mo jáde. Ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo gbé orí lé ògiri títí nọ́ọ̀sì kan fi bi mí pé ṣé kì í ṣe ààwẹ̀ ló ń pa mí.

Àlàmísì, 20 oṣù kẹta

Ínsípẹ́tọ̀ wá sí ọsibítù fúnra rẹ̀. Dírẹ́tọ̀ wà níbẹ̀, ìyá ọmọ náà wà níbẹ̀, èmi náà dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Laurent ò wọlé, ṣùgbọ́n mo rí fìlà rẹ̀ lójú fèrèsé.

Ínsípẹ́tọ̀ fi Faransé bi í pé níbo ló ti ṣeṣe. Ògúnrẹ̀mí wo òkè àjà. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí dírẹ́tọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a dáhùn, "Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ—"

"Ilé Bàbá Fádáhùnsí ni," Ògúnrẹ̀mí wí. Ó sọ ọ́ ní Ifẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń wò bó ti ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ ní Faransé. "Àwa la lọ wó o. Mùsíọ̀ Laurent ló rán wa. Òun ló ní kí wọ́n fà á. Madame ń pè wá pé ká má ṣe é."

Ìyá rẹ̀ ká ọwọ́ lérí. Mo mọ ohun tó ń rò: ta ni yóò wá máa sanwó? "Ògúnrẹ̀mí," ó wí, "Ògúnrẹ̀mí."

"Màmá, bàbá yẹn ló fà mí jáde."

Nígbà tí mo tún wo fèrèsé, fìlà náà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Àtìní, 24 oṣù kẹta

Laurent ti dá owó ọsibítù dúró. Bàbá Àdúrà jáde láàárọ̀ láì sọ ibi tó ń lọ. Nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹnì kan wá bá wọn ṣètò rẹ̀. Mo bi í nígbà tó dé. Ó ń fọ ọwọ́ fún àlùwàlá.

"Wáyà mi ló wà lórí ilẹ̀ yẹn," ó ní. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀.

Awakọ̀ kan wá kó àwọn irin lọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Páànù dírẹ́tọ̀ ò ní dé mọ́. Ó kọjá lára mi bí ẹni tí kò rí mi. Àwọn jandáámù ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Ògúnrẹ̀mí, wọ́n sì ti pe àwọn mẹ́wàá tó kù pẹ̀lú àwọn òbí wọn. Wọ́n ní àwọn ń wá Laurent. Mo rí ọkọ̀ rẹ̀ ní Atakpamé lánàá.

Àlàrùbá, 26 oṣù kẹta

Ẹnì kan ju ẹ̀wù dúdú kan sí ẹnu ọ̀nà wa. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ là á láyà. Mo dáná sun ún kí Àdúràọlá tó jí.

Àtàlátà, 1 oṣù kẹrin

A ṣe Ìtúnu Ààwẹ̀ lánàá. Mo gbé oúnjẹ lọ fún Ògúnrẹ̀mí. Ó ti ń jókòó. Ó ní oògùn yẹn ṣì ń pe òun, ní ọ̀sán pàápàá, pé ara òun máa ń gbọ̀n. Mo ní kó sọ fún dókítà. Ó ní òun ti sọ fún un.

Sátidé, 5 oṣù kẹrin

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lálẹ́ àná, ilẹ̀ sì rọ̀ dáadáa fún amọ̀ pípò. Kóòtù ti sún ẹjọ́ ilẹ̀ náà síwájú, ṣùgbọ́n Bàbá Fádáhùnsí ní òun ò lè sun abẹ́ igi títí wọ́n á fi dájọ́.

Mo rò pé àwọn ọmọbìnrin nìkan ló máa wá bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n wá. Nígbà tó yá, àwọn ọmọkùnrin yọ láàárín igi kajú. Wọ́n dúró sẹ́yìn àgbàlá, wọn ò lè wọ inú rẹ̀, wọn ò lè dọ̀bálẹ̀, wọn ò sì lọ. Bàbá Fádáhùnsí wò wọ́n títí. Ó fi ẹnu tọ́ka sí ibi tí amọ̀ wà. Ọ̀kan wọlé, àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Bùsáyọ̀ kó ìṣù amọ̀ fún ẹni àkọ́kọ́ láì wojú rẹ̀.

A ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ọkọ̀ funfun náà tó dúró lójú títì. Gíláàsì rẹ̀ wà lókè, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin sọ ìṣù ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Bàbá Fádáhùnsí ò yíjú. Láti ìdí ògiri, ó na ọwọ́ sí ọmọ náà. "Gbé e wá kó tó gbẹ."

Ọmọ náà wo títì. Ó wo ọwọ́ bàbá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e.

A mọ ògiri náà dé ìbàdí. Nígbà tí a ń ṣan ọwọ́, ọkọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.